Ọ́ìlì Tí Mo Gbé Lọ fún Àyẹ̀wò

Iná pupa kékeré kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí mo ń wà nígbà náà. Ó rí bí kẹ́tùlù tí nǹkan ń kán lẹ́nu rẹ̀; àmì ìkìlọ̀ ọ́ìlì ni. Títí di òní, bí mo bá rí irú rẹ̀ tó tàn nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, àyà mi máa ń já. Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, mo sì ń gbé ní Lotto ní Mowe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kó kúrò ní Ìfọ̀ wá sọ́dọ̀ mi nítorí àìsàn kídìnrín. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń gbé e lọ sí Abẹ́òkúta kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró du ọkọ̀ èrò. Òòyì a máa kọ́ ọ, èébì a sì máa gbé e. Ọkọ̀ mi yẹn, tó dàgbà ju gbogbo àwọn ọmọ tí mo kọ́ gbẹ̀yìn lọ, ni ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Èèyàn tó fẹ́ràn ètò ni mí. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń fọ ọkọ̀ náà, tí mo ń wo omi rẹ̀, tí mo sì ń tẹ táyà rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé ohun tí èèyàn bá ń tọ́jú létòlétò kò ní já a kulẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún ọkọ̀ náà.

Nígbà tí iná pupa náà tàn lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kíní, tó sì tún kú, mo gbé ọkọ̀ lọ bá mekáníìkì mi ní Ibafo. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ó fi ìka méjì pa ọ́ìlì ẹnu rẹ̀, ó sì ya àwọn ìka náà díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì náà ń fà bí ọbẹ̀ ilá.

“Bàbá Tíṣà, ẹ wo nǹkan. Ó ti di gọ́ọ̀mù. Ẹ́ńjìnnì yín ti ń jẹ ara rẹ̀. Àfi ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ká tú u.”

“Ìgbà wo ló máa tó jáde?”

“Tá a bá tètè rí páàtì, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tá ò bá tètè rí i, ẹ máa gbàdúrà.”

“Tí a ò bá wá tú u ńkọ́?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Ó lè gbé yín lọ gbé yín bọ̀ títí ọdún á fi yí po. Ó sì lè nọ́ọ̀kì, kó kú pátápátá, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún gbé e jáde.”

Ohun tó wà níwájú mi nìyẹn. Bí mo bá fi ọkọ̀ sílẹ̀, ta ni yóò máa gbé ẹ̀gbọ́n mi? Bí n kò bá fi í sílẹ̀, ó lè kú sí ojú títì pẹ̀lú aláìsàn nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò ní pẹ́ gbé ṣíbí.

Mo wá rántí ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ rí. Ní ìgbà yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọ́ìlì inú tírélà àti jẹnẹrétọ̀ wò. Mo pè é.

“Ẹ má fòyà, sà,” ló wí. “Bí irin bá ń họ irin, ẹ̀rún rẹ̀ á wà nínú ọ́ìlì. Ẹ̀rọ wa máa sọ irú irin tó jẹ́ àti bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì kó gbóná kí ìsàlẹ̀ àti òkè ọ́ìlì lè pò pọ̀. Ọ̀pá rọ́bà tuntun ni kí wọ́n fi fà á o, inú ìgò tó gbẹ sì ni kí ẹ bù ú sí.”

Mekáníìkì mi bá mi fà á, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. “Bàbá Tíṣà, ẹ fẹ́ gbé ọ́ìlì lọ fún dókítà. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa fún un ní oògùn, ṣáájú oúnjẹ ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ?”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ìgò náà lọ fún ọmọbìnrin náà. Àṣé ẹni méjì ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nílé mi.

Èsì kò tíì jáde tí ọjọ́ ilé ìwòsàn fi pé. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wú. Mímí rẹ̀ kò já gaara. A jáde. Mo ń wo ọ̀nà, mo ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí a kọjá Kóbapẹ́, iná náà tàn, kò sì kú mọ́. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn tírélà ń kọjá, ọkọ̀ wa sì ń mì.

“Tíṣà, ṣé ó ti kú ni?” ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí láti ẹ̀yìn.

“Rárá, Àǹtí mi. Ó ń sinmi ni.”

“Bí èmi náà ṣe máa ń sọ fún wọn nìyẹn.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo ṣíná sí i, ó gbà. Mo rọra ń wà á lọ bí ẹni tó gbé ẹyin lérí. A dé ibẹ̀, a sì padà sílé.

Àárọ̀ ọjọ́ ilé ìwòsàn tó tẹ̀ lé e ni ọmọbìnrin náà pè mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní balùwẹ̀ ni.

“Sà, mo ní ìbéèrè kan. Ta ló ń dín àkàrà nínú ẹ́ńjìnnì yín?”

“Kí lo wí?”

“Ẹ́ńjìnnì yín kò jẹ ara rẹ̀. Ẹ̀rún irin inú rẹ̀ kò ju ti ọkọ̀ àgbà lọ, kò sì sí omi níbẹ̀. Òróró la rí, irú èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Òun ló dì, tó ń dí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan, kí wọ́n fọ ibẹ̀, kí wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí i. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Àmọ́ sà, ẹni tó ń dà á síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jáwọ́. Tó bá tún ṣe é, ẹ́ńjìnnì yẹn máa lọ.”

Mekáníìkì ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Mo wọ bàtà, mo ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ bí ẹní fẹ́ kọ ọ́ sójú pátákó. Mo ṣílẹ̀kùn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kan di ara ọkọ̀ mú kó má baà ṣubú. Ó fi èkejì gbé ìgò òróró àdúrà tó gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń ta á sí ihò ọ́ìlì gan-an. Awakọ̀ lọ́rì ni olóògbé ọkọ rẹ̀ ní Ìfọ̀. Ó mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń mu ọ́ìlì.

“Àǹtí mi, kí lẹ ń dà síbẹ̀?”

Kò ta gìrì. “Òróró àdúrà ni. Gbogbo ọjọ́ tí a bá ti ń lọ ni mo ń ta á sí i, nígbà tí o bá wà ní balùwẹ̀.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi?”

“Kí n sọ fún tíṣà? Ṣebí o máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé ni.”

Àlàyé náà ti wà lẹ́nu mi lóòótọ́. Ó ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ: “Wọ́n á gún mi, wọ́n á so mí mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á ní kí n má mira. Èyí nìkan ni mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe nínú gbogbo rẹ̀.”

Mo dúró. Bí mo bá gba ìgò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ ohun tí mo gbà. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀, a ó tún padà sí ẹ̀gbẹ́ títì, bóyá láìdìde mọ́.

“Àǹtí mi,” ni mo wá sọ, “dókítà ní kí ẹ dín omi mímu kù. Ṣé omi kò dára ni?”

“Omi dára. Inú mi ni kò gbà á mọ́.”

“Òróró náà dára. Inú ọkọ̀ yìí ni kò gbà á.” Mo sọ ohun tí wọ́n rí níbi àyẹ̀wò fún un.

Ó fa ìgò náà kúrò lórí ihò ọ́ìlì. “Ṣé èmi ni mo dá wa dúró sọ́nà lọ́jọ́ yẹn?”

“A dé ibi tí à ń lọ, Àǹtí mi.”

Ó dé ìgò náà, ó sì ń wò ó. “Kí ni n ó wá máa ta á sí?”

“Ọkọ̀ kì í dá wa ara rẹ̀,” ni mo fèsì. Mo ṣí fìlà, mo sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nítorí pé apá rẹ̀ kò lè gòkè. Ó da òróró náà sí mi lórí, kò fi ọwọ́ wọ́n ọn rárá. Ó ṣàn dé ọrùn ẹ̀wù mi. Ó gbàdúrà fún ojú mi, fún ọwọ́ mi, fún ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ bíréèkì.

Mo pe mekáníìkì, mo sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé wa lọ Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sì tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, wọ́n fọ ọ́. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí a ń lọ tí mi ò kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Iná pupa kò tàn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ báyìí. Orí ibùsùn rẹ̀ ní Lotto ló ti sùn lọ, pẹ̀lú àwa ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ojú títì. Lẹ́yìn náà ni mo ta ọkọ̀. Ọkùnrin tó rà á láti Akute tan ẹ́ńjìnnì, ó tẹ́tí sí i, ó sì bi mí ohun tí mo ń dà sínú rẹ̀ tó fi ń dún mẹ́lọ́mẹ́lọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ́ìlì ni, ọ́ìlì nìkan. Mi ò sọ ti orí mi fún un.