Ti Òní Ti Tó

Bí mo bá gbọ́ ìró ìwé tí wọ́n ń ṣí, Mummy, ìyá àgbà kan tí a jọ gbé ilé kan náà ní Ìkòsí, ni mo máa ń rántí. Àga kan, ife kan àti ìwé ìfọkànsìn ló wà ní yàrá wọn. Ojú ewé ọjọ́ náà nìkan ni wọ́n máa ń kà. Wọ́n á ní, "Ti òní ti tó."

Nígbà tí obìnrin kan ní Mile 12 gba ọkọ mi, tó sì bímọ fún un, àràárọ̀ ni mo ń bẹ Mummy pé ká ka sáàmù tí wọ́n fi ń ṣépè fún ọ̀tá. Wọ́n ní kò tíì kan ìyẹn.

Lọ́jọ́ tó kan sáàmù náà, mo fi ìbínú kà á, mo ń dárúkọ obìnrin yẹn mọ́ ọn, títí mo fi dé ibi tó ti ní kí ọmọ ọ̀tá di aláìníbaba. Mo dá kíkà dúró níbẹ̀.

"Kà á lọ," Mummy wí.

"Mummy, bàbá ọmọ rẹ̀ náà ni bàbá àwọn ọmọ mi."

Wọ́n rọra pa ìwé dé. "Ti òní ti tó."

Mummy ti sùn nínú Olúwa. Èmi ò tíì dárí ji obìnrin yẹn o. Ibi tí mo lè ju èpè náà sí tí kò ní ba ọmọ tèmi ni mo ṣì ń wá.