Ohun Tí Ládépọ̀ Rí ní Bolton

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi ò yà sọ́dọ̀ ìjàpá, kò yà láàfin ọba kankan. Orí Ládépọ̀, bàbá ẹ̀yin méjèèjì, ló bà lé.

"Dádì?" Ìfẹ́ ló bèèrè.

Dádì yín náà ni. Ṣebí ẹ ń bi mí ní ìdí tí kì í fi í wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, tó fi ń jókòó sínú ọkọ̀ títí a ó fi jáde.

Bolton, nílùú òyìnbó níbí, ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan. Òun àti Ṣẹ́gunfúnmi, ọmọ ìjọ wa tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ òru níbẹ̀, ni wọ́n jọ ń lọ nínú ọkọ̀ bàbá yín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bolẹ̀, àwọn méjèèjì já wọ kíṣìnì mi. Wọ́n ní àwọn ń ha yìnyín lára gíláàsì ọkọ̀ ni nǹkan kan dúró lókè òrùlé ilé ìkẹ́rùsí náà, róbótó bí ọmọrí ìkòkò. Kò dún, ó kàn ń tàn. Ó ṣe, ó pòórá bí ìgbà tí wọ́n paná. Ṣẹ́gunfúnmi ló sọ̀rọ̀ jù. "Màmá, ó tóbi ju ilé yìí lọ!" Tíì dà sí i lára, kò mọ̀.

Adélọ́lá, ìyá yín, rẹ́rìn-ín. "Dúróònù ni jàre. Oorun ló ń kun yín."

Ó dun Ládépọ̀. Kì í purọ́ láti kékeré, ó sì fẹ́ kí ẹnì kan gba òun gbọ́. Ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí a máa ń gbé ohun ìyanu lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó jáde nígbà ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ìjọ fi dìde. "Áńgẹ́lì ni! Ìgbéga ti dé!" Arábìnrin kan ti dá orin.

"Ẹ má bínú," bàbá yín wí. "Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ bi Ṣẹ́gunfúnmi, a jọ rí i ni."

Ṣẹ́gunfúnmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà. "Èmi ò rí nǹkan kan o. Gíláàsì ni mò ń ha."

Pásítọ̀ rọra gba makirofóònù. Wọ́n gbọ́wọ́ lé bàbá yín lórí, wọ́n ń lé ẹ̀mí ìtànjẹ. Ó dúró bí igi. Kò bínú, kò sunkún.

Níta, mo fa Ṣẹ́gunfúnmi lápá. "Ṣé ìwọ kọ́ lo da tíì sára ní kíṣìnì mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe díákónì."

Wọ́n sì fi í ṣe é.

"Gíráńmà, ṣé élíẹ̀nì láti ayé mìíràn ni?" Jùwọ́n, àbúrò Ìfẹ́, nìyẹn.

Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Nínú àlọ́ abẹ́ òṣùpá nílé wa, gbogbo ohun tó bá tọ̀run sọ̀ kalẹ̀ ló lórúkọ. Èyí ò ní. Ènìyàn méjì ló rí i, ó ku ẹyọ kan tó ń jẹ́wọ́.

"Ṣé wọ́n ṣì jọ ń lọ síbi iṣẹ́?" Ìfẹ́ tún bèèrè.

Wọ́n jọ ń lọ. Mo bi bàbá yín ní ìdí tó fi ń gbé Ṣẹ́gunfúnmi. Ó ní, "Màmá, bọ́ọ̀sì kì í dé ibẹ̀." Wọn kì í sọ̀rọ̀ lọ́nà. Bí wọ́n bá ń bọ̀ láàárọ̀, ọ̀kan á ha gíláàsì lọ́tùn-ún, ọ̀kan á ha tòsì. Kò sẹ́ni tó ń wòkè.

Ibi tí ẹnu mi mọ nìyẹn. Ìfẹ́, mú àbúrò rẹ, ẹ lọ sùn. Bàbá yín ń wọ bàtà iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Ẹ má bi í ní nǹkan kan.