Kò Sí Àbùùbùtán Níbẹ̀

Inú ń bí mi, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń wá àgbà tó ń fi ohùn tútù sọ ọ̀rọ̀ tó ká a lára, ẹ kọjá sí ilé kejì.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà ní Bantè, ìlú wa, tó ń ta kpayo, epo mọ́tò fàyàwọ́, nínú ìgò lẹ́bàá títì. Ó ra tẹlifíṣọ̀n kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, bí àwọn èèyàn bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a máa fi fíìmù sí i kí wọ́n lè jókòó ra nǹkan mímu. Lọ́jọ́ kan, mo bá wọn jókòó.

Fíìmù ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni tí ọkọ̀ rì lójú òkun, tó wá ku òun nìkan nínú ọkọ̀ kékeré kan tí kò fẹ̀ ju ẹní lọ. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló nílò èdè? Ojú ló ń gbọ́ ọ. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó dára. Ojú ọ̀run wọnú omi, omi wọ ojú ọ̀run, o ò ní mọ èyí tí ọkọ̀ náà wà lórí rẹ̀. Ẹja abìyẹ́ ń fò gba orí ọkùnrin náà kọjá bí eṣú. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú nínú fíìmù, ó ti ọwọ́ bọ omi, omi sì tàn. Bó ṣe ń fa ọwọ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni iná aláwọ̀ ewé ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn èyí ni àbùùbùtán kan, ẹja tó tóbi ju ilé ìwé lọ, yọ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú iná yẹn lára, ó fò sókè, ó bo òṣùpá.

Wọ́n pariwo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi, mo fi ọ̀pá mi gún ilẹ̀.

Omi tó ń tàn yẹn, mo ti ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ rí. Ẹja tó ń fò yẹn, mo ti jẹ ẹ́ ní tútù. Mo sì ti sọ ọ́ ní Bantè yìí kí ìyá àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ yẹn tó lọ́kọ.

Ọlọ́kadà kan tó jókòó níwájú mi yíjú padà. "Bàbá Òkun! Ọwọ́ tẹ̀ yín lónìí! Ibi tí ẹ ti jí ìtàn yín kó rèé!"

"Má bú àgbà," ni ẹnì kejì rẹ̀ wí. "Bàbá ò jalè. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n wọ̀ lọ sí Gàbóǹ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Oníṣọ́ọ̀bù náà rẹ́rìn-ín títí bíà fi dà sí i láyà.

Ẹ gbọ́ ná. Nígbà tí mo rìnrìn àjò Gàbóǹ yẹn, iná mànàmáná kò tíì dé Bantè. Ṣé fíìmù tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ni mo wá jí?

Ọ̀dọ́ ni wá nígbà náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ará Akpassi nítòsí ibí. A jọ ń kọ ebè iṣu ni, a sì gbọ́ pé iṣẹ́ wà ní Gàbóǹ. A wọ ọkọ̀ onígi pẹ̀lú àwọn èèyàn tí a ò mọ̀ rí. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀rọ ọkọ̀ dákẹ́. Ìgbì kan dé, ó kó gbogbo ẹrù wa lọ. Omi mímu tán. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a fún aṣọ wa sẹ́nu. Ọ̀rẹ́ mi kò rí òjò kejì. Kò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Igi irú kan wà lọ́nà oko rẹ̀ tí a máa ń sinmi sí. Ó bi mí bóyá a ti dé ibẹ̀. Mo ní ó kù díẹ̀. Ó kú.

Ẹni tó bá kú sí àjò tí a ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni à ń mú bọ̀, kí ẹbí lè rí nǹkan sin. Mo mú un bọ̀. Ọkọ̀ ńlá kan ló gba àwa tó kù là, ó sì pẹ́ kí n tó fojú kan ilé, ṣùgbọ́n mo dì í sínú aṣọ kékeré kan. Mo gbé e dé Akpassi, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, mo ròyìn.

Ibi tí mo ti ní omi ń tàn lóru ni ẹnì kan ti gbè é lẹ́yìn pé, "Àlọ̀ o!" Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mo gbà. Èmi ni mo máa ń pàlọ́ fún wọn bí a bá ń bó ẹ̀gúsí. Bí mo bá ti la ẹnu, ìjàpá ni etí wọn ń retí.

Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó tú aṣọ náà, ó wo inú rẹ̀, ó bi mí léèrè kan ṣoṣo: "Ọ̀bẹ wo lo fi gé e, nígbà tí o ní omi ti kó gbogbo ẹrù yín lọ?"

Mo dákẹ́. Ohun tí mo fi gé e, n kò lè sọ ọ́ lójú ẹni tó bí i. Ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn wà láàyè, ó ti fẹ́ ará Gàbóǹ, òun ló ní kí n kó irun ẹlòmíràn wá. Wọ́n ju aṣọ náà padà sí mi. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe opó, kì í ṣe abilékọ. Aṣọ náà wà nínú àpótí mi, ọ̀rẹ́ mi sì wà láìsin.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe ń fi mí rẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan fara ti ògiri, ó wọ aṣọ funfun ìjọ wọn, kò wọ bàtà, omi ń dà lójú rẹ̀. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi ni, òun sì ni olórí ẹbí báyìí. Epo ló wá rà. Ó tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ̀gbọ́n, omi náà ń tàn lóòótọ́."

"Mo ti sọ fún yín."

"Mo ti fojú mi rí i báyìí. Ẹ gbé aṣọ yẹn wá. A ó sin ẹ̀gbọ́n mi."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo gbéra lọ sí Savalou, sọ́dọ̀ ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe olùkọ́ níbẹ̀, mo ní kó bá mi gbọ́ ohun ìyanu. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó fi bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà hàn mí. Ọkọ̀ náà wà nínú adágún kan, adágún wà nínú ilé, ògiri ilé jẹ́ búlúù. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń mu kọfí.

"Bàbá àgbà, kò sí òkun níbẹ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà ló ya ìyókù."

"Omi tó ń tàn ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà."

Ẹ bá mi wò ó! Mo sọ òótọ́, wọ́n ní àlọ́ ni. Àwọn kan fi ẹ̀rọ pàlọ́, wọ́n ní òótọ́ ni. Bí mo bá sì wí fún àbúrò yẹn pé adágún inú ilé ló ń sunkún lé lórí, yóò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Èmi tí mo ń bínú sí irọ́, èmi náà wá ń bá wọn ṣọ́ ọ. Mo pa ẹnu mi dé lọ sí Akpassi.

Àárọ̀ ni wọ́n ṣe é, lábẹ́ igi kajú. Àwọn aláṣọ funfun tan àbẹ́là, wọ́n kọrin. Wọ́n gbé aṣọ kékeré mi sórí àga kan. Àbúrò náà wá dìde sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi kò kú ikú lásán! Àbùùbùtán kan, tó fi iná bora, ló yọ sí wọn láàárín òkun! Ó kí ẹ̀gbọ́n mi, ó sì gbé e lọ!"

"Ààmín!"

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. "Kò sí àbùùbùtán níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. A ti gbà yín gbọ́ báyìí."

"Èmi kọ́ lẹ gbà gbọ́. Bàbá rẹ bi mí nípa ọ̀bẹ. Kò sí ọ̀bẹ. Irun rẹ̀, mo fi ọwọ́ fà á tu. Èékánná rẹ̀, eyín ni mo fi gé e. Eyín mi. Ìka kan tẹ̀lé ìka kan, òkú náà lórí itan mi. Ẹnu mi gbẹ débi pé n kò lè tu èyí tó há sí mi léyín."

Kò sẹ́ni tó gbè é. Kò sẹ́ni tó ṣe ààmín.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ìyàwó wa ni mo ṣì ń pè é. Ó lọ síbi àga náà, ó tú aṣọ, ó mú èékánná kan, ó ń fi àtàǹpàkò ra etí èékánná náà.

"Ọ̀bẹ kì í gé nǹkan báyìí," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wojú mi. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Ojú tì mí, ìyàwó wa."

"Ojú tì yín." Kò gbé ohùn sókè. "Ojú tì yín, èmi wá jókòó de ọkọ títí orí mi fi funfun."

Ó so aṣọ náà padà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e dé ibi tí wọ́n gbẹ́. A sin ín.

Níbi tí a ti ń jẹ iyán, mo gbọ́ ohùn àbúrò náà lẹ́yìn ilé. Àwọn ará Pira tó pẹ́ dé ló ń ròyìn fún. "Ó tóbi ju ilé ìwé lọ," ló ń wí, "iná ló fi bora." Mo bu iyán mi. Mo ní ó ti tó, a ti sin òkú, kí ni mo tún ń wá.

Ìyàwó wa jókòó lódìkejì mi. Òun náà gbọ́.

"Ṣé ẹ tún fẹ́ dákẹ́ ni?" ló bi mí.

Mo fọ ọwọ́, mo mú ọ̀pá mi, mo dìde, mo kọrí sí ẹ̀yìn ilé.