Àtàǹpàkò Tí Wọn Kò Wò

Tó o bá gba Ṣómólú kọjá rí, wàá mọ òórùn tàdáwà tó máa ń jáde láti àwọn ilé ìtẹ̀wé. Òórùn yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù kan níbẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ọsibítù náà ni wọ́n ti ń tẹ̀wé. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n n kò lè la ojú. Wọ́n ti yọ rọ́bà tí mo fi ń mí kúrò lọ́nà ọ̀fun mi, àyà mi kò sì dìde. Atẹ́gùn tó ń wọlé kò ju ṣíbí kan lọ. Nọ́ọ̀sì ń gbá mi létí: "Àǹtí, ẹ mí! Ẹ gbé orí yín sókè!" Dókítà tó kùn mí lóorun dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Ó ti jí jàre. Ọ̀lẹ ló ń ṣe é." Ọ̀lẹ! Èmi tí mò ń di ìwé pọ̀ nílé ìtẹ̀wé látàárọ̀ dalẹ́! Mò ń kígbe nínú ara mi pé mò ń kú lọ, ìka mi kan kò mì. Àbúrò mi obìnrin tó yọjú wọlé ló rí i pé ètè mi ti dúdú, ló bá figbe ta. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sáré fi báàgì fẹ́ atẹ́gùn sí mi nímú, tí wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ mìíràn, títí mo fi ń mí fúnra mi.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ṣàlàyé pé oògùn tí wọ́n fi mú iṣan mi rọ̀ kò tíì tán lára mi. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, tó máa ń fi iná díẹ̀ mú kí àtàǹpàkò mì. Bó bá ṣe mì sí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá agbára ti padà, kí wọ́n tó yọ rọ́bà.

"Ẹ ò ní in ni?"

"A ní in, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú la sábà máa ń fi wo aláìsàn bóyá agbára ti padà."

Inú bí mi débi pé egbò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Télọ̀ àdúgbò wa ní Bàrígà gan-an kì í fi ojú wọn ṣòkòtò, téèpù ló ń lò.

Nígbà tí mo délé, dókítà akunilóorun yẹn kó àgbààgbà méjì wá bẹ̀ mí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ wa. Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ní kó dìde.

"Ìyàwó wa, fọwọ́ wọ́nú. Ṣebí o ò kú."

"Kó ṣáà ṣèlérí pé òun á máa lo ẹ̀rọ yẹn fún ẹlòmíì," ni mo wí.

"Ó ti tó," ni ọkọ mi sọ, ó sì ń ṣẹ́jú sí mi. Wọ́n gbé mínírà fún àwọn àlejò, ọ̀rọ̀ sì di ti bọ́ọ̀lù. Dókítà náà kò ṣèlérí kankan.

Inú ṣì ń bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ní ọsibítù, oògùn ló di ẹnu mi. Nínú pálọ̀ ara mi, ara mi ti yá, ojú mi là kedere, àwọn èèyàn mi ló sì pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ti dárí ji dókítà yẹn. Ti pálọ̀ yẹn ni n kò tíì lè dárí jì.