Bàbá Kí-Nìdí àti Ìlérí Ara Ògiri

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí onígbàjámọ̀ kan fọ táwẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ju aṣọ pupa kan mọ́ àwọn funfun nínú omi gbígbóná, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, kò sí funfun kankan níbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan jókòó sórí àga, ó wo táwẹ̀lì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bò ó lọ́rùn, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gé irun mi ni, àbí ẹ fẹ́ fi mí fọ́kọ?"

Bàbá Kí-Nìdí ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí kò sí ohun tó ń kọjá lójú rẹ̀ tí kì í béèrè ìdí rẹ̀. Bí òjò bá dá, á béèrè. Bí oníbàárà bá pa irun rẹ̀ dà sápá òsì, á béèrè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò béèrè nǹkan kan. Ó mọ ìdí.

Táwẹ̀lì kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, títí dìgbà tí ìyá náà yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Dókítà di ọwọ́ náà, ó kìlọ̀ pé bó bá tún fi fún aṣọ kí eegun tó jinná, ó lè má tọ́ mọ́ láéláé. Àmọ́ ìyá yìí kì í ṣe ẹni tó ń káwọ́ gbera wo iṣẹ́. Nígbà tó rí ohun tí ọkọ rẹ̀ fi àwọn táwẹ̀lì ṣe, ó gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ bá a ní balùwẹ̀, tó fi eyín di etí aṣọ kan mú, tó ń fi ọwọ́ òsì lọ́ ọ.

"Ìyá wọn, kí ni dókítà wí?"

"Ó ní kí n má fi ọwọ́ ọ̀tún fún aṣọ. Kò dárúkọ eyín."

"Ṣé ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni mo rí tó ń ran eyín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan?"

Ìyá náà fi ọwọ́ ọ̀hún pamọ́ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọkọ ti mọ̀ pé bí ẹ̀rọ ìfọṣọ kò bá wọlé, ọwọ́ ìyàwó òun ló máa lọ sí i.

Ilé ìtajà méjì ló wà nítòsí. Èyí tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ń tajà ní ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n oníkálùkù ló ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Àjà kẹta lókè pátápátá ni tọkọtaya yìí ń gbé, orí àtẹ̀gùn tó ṣẹ́ ìyá náà lọ́wọ́ sì ni wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbà. Ilé ìtajà ńlá ti àárín ìlú a máa gbé e wá, á gbé e gòkè, á sì so ó mọ́ omi láìgba owó lé e. Iye tí wọ́n ń tà á ló ju agbára tọkọtaya náà lọ. Ṣùgbọ́n a kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri wọn pé: Bí ẹ bá rí ọjà kan náà ní iye tó kéré sí tiwa, iye yẹn la ó gbà lọ́wọ́ yín.

Onígbàjámọ̀ dúró lábẹ́ ìwé náà, ó ń kà á lákàtúnkà. Kí nìdí tí ọlọ́jà yóò fi ní kí èèyàn lọ wo ọjà ẹni tó ń bá a dupò? Ọ̀rọ̀ náà ń yún un bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ó lọ sí ẹ̀bá ibùdókọ̀, ó rí irú ẹ̀rọ náà, ó sì mú ìyàwó rẹ̀ lọ wò ó. Àwọn méjèèjì wá padà sí ilé ìtajà ńlá, síwájú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń dá oníbàárà lóhùn ní káńtà.

"Ọmọ mi, iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ yìí lẹ́bàá ibùdókọ̀ dín sí tiyín dáadáa."

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ̀rí yín ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀. "Ẹlẹ́rìí mi rèé."

"Mo fojú mi rí i," ni ìyá náà wí. "Mo lè búra."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Màmá, èmi gbà yín gbọ́. Kọ̀ǹpútà yìí ni kò mọ ìbúra."

Ó yẹ ká tọ́ èyí sọ́nà, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í mú. Irú ìlérí yìí kì í ṣe ìdúnàádúrà. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, a lè bẹ̀bẹ̀ lórí owó irun, ẹlẹ́rìí kan sì tó láti parí ìjà. Níbí, àwòrán iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà náà ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń fi irú ọjà tó jẹ́ hàn. Ọjà tuntun ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kó má ní àbùkù, kó sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó padà lọ, ó fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wò ó, ó mi orí.

"Bàbá, nọ́ńbà wọn ò bára mu."

Onígbàjámọ̀ wọ awò ojú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan náà, àwọ̀ kan náà, ikùn kan náà. "Kí nìdí?"

"Wọ́n fi bọ́tìnnì kan lé tiwa. Àwa nìkan ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ń ṣe irú rẹ̀ fún. Kò sí ẹlòmíì tó ń tà á."

Ìyá náà ronú díẹ̀. "Ìyẹn ni pé, ẹ ní ẹ máa fún ẹni tó bá rí ìkejì yín lẹ́bùn, ẹ sì mọ̀ pé ìyá yín ò bí ìbejì."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tọ́ka sí ẹ̀rọ funfun kan ní kọ̀rọ̀, tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan lára. "Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, Màmá. Kò síbi tí wọn kì í ti í ta ìyẹn. Ẹ lọ wá tirẹ̀ wá."

Onígbàjámọ̀ tún lọ sí ẹ̀bá ibùdókọ̀. Ó rí i níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Bó ṣe ń ya àwòrán rẹ̀, ọkùnrin kan dé, ó ń fi apá wọn ìbú ẹ̀rọ náà. Bí ọkùnrin yẹn bá rà á, ìlérí ara ògiri ti di asán nìyẹn. Bàbá yára jáde.

Ní káńtà, gbogbo nǹkan bára mu. Ó ku kí wọ́n tẹ ilé ìtajà ẹ̀bá ibùdókọ̀ láago, kí wọ́n mọ̀ bóyá ọjà náà ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù ní kí wọ́n dúró, òun ń lọ wò ó. Ìyá náà gbé ọwọ́ dídì rẹ̀ lé orí káńtà. Ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ fóònù náà.

"Ó wà nílẹ̀," ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà wí, ó sì tẹ iye kékeré náà sínú kọ̀ǹpútà.

Ibẹ̀ ni ahọ́n bàbá ti tú. "Ọmọ mi, kí nìdí tí ẹ fi ń ṣe wàhálà yìí?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, èèyàn mélòó ló ka ìwé yẹn tó rìn tó yín? Púpọ̀ wọn á kà á, ọkàn wọn á balẹ̀ pé kò lè sí ibi tó dínkù sí tiwa, wọ́n á sanwó. Ìwọ̀nba tó bá sì rìn, ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n ń padà sí."

Onígbàjámọ̀ mi orí bí ẹni tí wọ́n fún ní èènì. "Ìyẹn ni pé ọ̀lẹ ló ń sanwó fún alárìnkiri."

"Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́."

Àwọn alágbàrù gbé ẹ̀rọ náà gòkè lọ́jọ́ kejì, wọ́n so ó mọ́ omi. Ìyá náà jókòó tì í, ọwọ́ lórí itan, ó ń wo àwọn táwẹ̀lì bí wọ́n ṣe ń yí. Nígbà tí wọ́n tú ọwọ́ rẹ̀, ó tọ́.

Tọkọtaya náà ṣì ń gbé ní àjà kẹta. Ìgbà tí àwọn èèyàn rí onígbàjámọ̀ kẹ́yìn, ilé ìtajà ńlá yẹn ló wà pẹ̀lú aládùúgbò kan tó fẹ́ ra fáànù. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú awò lójú, ó ń ka nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.