Àkùkọ Tí Ìyá Mi Ń Sìn Dè Mí

Òórùn adìẹ tí a ń yan pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ kì í jẹ́ kí n jókòó pẹ́ níbi tí mo bá wà. Bí ó bá ti ta sí mi nímú, ọkàn mi a padà sí Pobè, sí ilé ìdáná kọ̀máńdà, òyìnbó olórí agbègbè wa, ní ayé ìgbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ilẹ̀ Dàhòmì, tí èmi sì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin alásè tí ó so aṣọ funfun mọ́ ìbàdí, tí ó ń rìn bí ẹni pé òun ni ó ni ọgbà náà. Ìwé tí mo kà kò ju kí n lè kọ orúkọ mi lọ. Ìyàwó kọ̀máńdà ni ó kọ́ mi bí a ti ń fi bọ́tà àti iyọ̀ pa adìẹ lára, kí a ki ọsàn wẹ́wẹ́ sí i nínú, kí a to àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti ọ̀pẹ òyìnbó yí i ká nínú ìkòkò irin, kí a sì kó ẹyin iná lé ọmọrí rẹ̀, kí ooru lè ti òkè àti ìsàlẹ̀ wá. Mo gbà nígbà náà pé ẹni tí ó bá ń bọ́ kọ̀máńdà ti di ẹni tí kọ̀máńdà ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

Ní ilé wa ní Ahoyéyé, bí ọmọ bá lọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi, ìyá rẹ̀ a ya òròmọdìẹ kan sọ́tọ̀ ní orúkọ rẹ̀. A óò so àkísà láti ara aṣọ ọmọ náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á, àfi ọjọ́ tí ọmọ náà bá padà dé, tí gbogbo ilé yóò jọ jẹ ẹ́ kí a tó kà á sí pé ó ti wọlé. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ìyá a da àgbàdo sílẹ̀, a sì fi orúkọ ọmọ pe adìẹ náà. Ìyá mi ránṣẹ́ sí mi pé àkùkọ mi ti ń kọ, pé kí n tọrọ àyè wá sílé. Mo ní n óò wá bí òjò bá dá.

Kí òjò tó dá, kọ̀máńdà ń kó àlejò bọ̀ láti Sakété, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì wọ abúlé lọ gba adìẹ, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ó padà dé pẹ̀lú àkùkọ pupa kan. Mo rí àkísà aláró lẹ́sẹ̀ rẹ̀: ara dàńṣíkí mi àtijọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, adìẹ ilé wa nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a wá òmíràn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò jẹ́rìí? Ṣé àkùkọ náà gbọ́ Faransé ni?" Níṣojú mi ni ó ti fi ọ̀bẹ dú u lọ́rùn.

Mo yan án. Mo yan án dáadáa, nítorí ọwọ́ mi kò mọ bí a ti ń ba adìẹ jẹ́. Ìkòkò ṣì wà lórí iná nígbà tí ìyá mi fi ẹsẹ̀ rìn dé, tí wọ́n gbé ìyókù dàńṣíkí náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Wọn kò sunkún. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wò mí. "Ọkọ mi, ṣé òun nìyẹn?"

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ tán, mo bẹ ògbufọ̀ kí ó sọ fún kọ̀máńdà pé ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ fi ipá gba ohun ìyá mi, àti pé wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń retí ìdájọ́. Kọ̀máńdà gbọ́, ó ń jẹun lọ. Ó ní ẹran náà rọ̀ púpọ̀, kí a bu díẹ̀ fún ìyá àgbà náà. Apá adìẹ, ègé ọ̀pẹ òyìnbó, kárọ́ọ̀tì díẹ̀: ìdájọ́ tí mo gbé jáde nínú àwo nìyẹn.

Ẹ̀ṣọ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá, ẹ tètè jẹ ẹ́ kó tó tutù. Ẹ̀yin náà ti bá kọ̀máńdà jẹun lónìí!"

Ìyá mi ti àwo náà sẹ́yìn. "Ẹnu rẹ ni mo wá gbọ́. Wá sí ẹnu ọ̀nà mi níbi tí o ti mú un, kí o sọ létí àwọn ará ilé mi pé, 'Èmi ni mo mú un, kì í ṣe tèmi.' Bí o bá ti sọ ọ́, ó parí."

"Kí aṣọ ìjọba wá kúnlẹ̀ fún àkùkọ?"

"Kì í ṣe àkùkọ. Ọmọ mi ni mo ń fi í dè."

Mo tú aṣọ funfun náà, mo tẹ̀lé wọn lọ sílé. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a ó pa fún ìpadàbọ̀ mi. Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ní tiwa, adìẹ ti lọ, okùn ni ara kò rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi da àgbàdo sílẹ̀, wọ́n sì ń pe orúkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo dáhùn pé, "Ìyá," wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí wọ́n fi kú.

Àwọn Faransé ti lọ. Ẹ̀ṣọ́ náà wà ní Sakété, ó ti darúgbó bí èmi. Mo ti rán àgbààgbà sí i. Èsì rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ adìẹ ti pẹ́ jù. Ṣé ọ̀rọ̀ adìẹ ni? N kò bèèrè adìẹ. Mo lè yan èyí tí ó wù mí. Gbólóhùn kan ni mo ń bèèrè, ẹnu ọ̀nà ìyá mi sì ṣì wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, mo máa ń jókòó síbẹ̀, etí mi a máa wá ohùn tí ń pe orúkọ mi, nítorí pé títí di òní, n kò tíì wọlé.