Ìyá Télọ̀ Lẹ́yìn Ẹ̀rọ Ìlagi

Àwọn kan rò pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú kí èèyàn la pákó ní gígùn. Wọ́n ní ṣebí ẹ̀rọ ló ń ṣe é: tan iná, ti pákó sí i, ó parí. Ẹ jẹ́ kí irú wọn wá gbìyànjú rẹ̀ wò. Pákó tó bá fi díẹ̀ kúrò lára irin gbọọrọ tó yẹ kó fara tì, ayùn á jó etí rẹ̀ dúdú, á sì sọ ọ́ di págunpàgun.

Ìyá Télọ̀ náà wà lára àwọn tó rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aṣọ ló ti ń rán láti ìgbà ọmọge. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì, tí òwú ò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, dókítà ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó jókòó sójú fèrèsé, ó ń wo àwọn tó ń kọjá lọ. Obìnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń káwọ́ gbera, kò pẹ́ tó fi sú u.

Ọkọ rẹ̀ ni káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gbọnrangandan, nítorí bí etí pákó rẹ̀ ṣe máa ń tọ́. Nígbà tí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣebí ẹni tó máa dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ, tó máa máa gba pákó, lẹ ń wá? Èmi rèé." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Lọ́jọ́ kejì ló rí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ògbólógbòó ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá, ó ká a lẹ́sẹ̀, ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tó ń lọ sójú ogun.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe rò lọ. Bàbá á dúró níwájú, kò ní dojú kọ ayùn gan-an, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Á tẹ pákó mọ́ irin gbọọrọ, á máa tì í, tó bá sì ku díẹ̀, á fi igi kékeré ti ìdí rẹ̀. Ìyá á gbà á lódì kejì. Tó bá dalẹ́, ara á máa ro ó, oorun á sì gbé e lọ fọnfọn. Ó ní òun ò tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti ta ẹ̀rọ òun.

Àmọ́ etí pákó ṣọ́ọ̀bù náà bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. Bàbá pààrọ̀ ayùn, kò sàn. Ó ní igi ló tutù, ó ní iná ni ò lágbára. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Wẹ́dà tó wà lódì kejì títì rí i, ó ní, "Gbọnrangandan ti di Wọ́rọ́kọ́ o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín, ìyá nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ṣú. Bàbá ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ láìsọ ibi tó ń lọ, bó ṣe ń ṣe láìpẹ́ yìí. Ìyá rántí pé pákó agbẹ̀bí àdúgbò wà níta ṣọ́ọ̀bù: pákó fífẹ̀ kan ṣoṣo tó gbé wá fún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, tí irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Ó sáré lọ. Bó ṣe gbé e wọlé ló bá bàbá nídìí tábìlì iṣẹ́, ó ń fi ìfági fá etí àwọn pákó àná lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ́. Òógùn bò ó. Tó bá fá a díẹ̀, á dúró, á fọwọ́ òsì tẹ èjìká ọ̀tún.

"Ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe báyìí?"

Bàbá gbé ìfági sílẹ̀. Ó wò síbí, ó wò sọ́hùn-ún. "O mà tètè jí lónìí."

"Mi ò béèrè ìyẹn. Kí ló ń ba pákó yìí jẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Bàbá ọmọ mi!"

"Ìwọ ni," bàbá ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Tí pákó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, o máa ń fà á. Tó o bá ti fà á, á kúrò lára irin, á lọ máa ha ayùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn, kó kàn gbé e ró ni. Ẹni tó wà níwájú ló ń tì í."

Ìyá jókòó sórí pákó. Ó dùn ún dé egungun. Èjìká tó ti ń dun bàbá tipẹ́ yìí náà ló rò tó fi ń fà á, kí iṣẹ́ lè fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú bí i, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá a lẹ́bi.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

"Ẹ wá ń pààrọ̀ ayùn! Ẹ ń purọ́ mọ́ iná! Ṣé àlejò ni mo jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí ni?"

"Mo rí bí inú rẹ ṣe ń dùn. Mo ní tí n bá sọ̀rọ̀, wàá padà lọ jókòó sójú fèrèsé. Mi ò fẹ́ kó o padà síbẹ̀."

Inú tó ń bí ìyá ò tíì lọ tán, àmọ́ ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. "Èmi tí mo ti gbá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́ títí pé: ẹ má fa aṣọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ jẹ ẹ́! Èmi náà ni mo wá ń fa pákó."

"Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀."

"Ẹ má fòwe tù mí. Ẹ gbé pákó agbẹ̀bí wá."

Bàbá ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi àjákù dánra wò. Ìyá kọ̀. Ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé tí òun bá ba pákó yìí jẹ́, òun fúnra òun lòun máa lé ara òun lọ sílé. Ó fẹ́ mọ̀ lónìí yìí.

Bàbá rẹ ayùn sílẹ̀ títí orí rẹ̀ fi yọ díẹ̀ péré lókè pákó. Ó fi etí tó tọ́ ti irin. Ẹ̀rọ hó. Pákó ń bọ̀, ó ń bọ̀, orí rẹ̀ yọ lọ́dọ̀ ìyá. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀. Ìka ń yún un láti dì í mú. Ó dà bíi pé pákó náà ò ní tán láéláé. Ó fi eyín di ètè, kò ká ìka kankan. Ohùn ẹ̀rọ ò yí padà títí bàbá fi fi igi kékeré ti ìdí pákó kọjá ayùn, tó pín sí méjì, tó sinmi lé ìyá lọ́wọ́.

Ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú tí ò rí abẹ́rẹ́ kò dí ìka lọ́wọ́. Ó jọ̀lọ̀, kò jó níbì kankan. Omi dé sójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Láti òní lọ," ó ní, "tí mo bá tún fà á, ẹ pariwo mọ́ mi. Bẹ́ ẹ ṣe ń pariwo mọ́ ẹni tó wà níbí tẹ́lẹ̀."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, òjò ti dá, agbẹ̀bí yà wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń la pákó míì lọ́wọ́. Ìyá rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ kí i, ó gbàgbé ara rẹ̀, ló bá di pákó mú.

"Má fà á!" Bàbá jágbe débi pé wẹ́dà yọjú lódì kejì títì.

Agbẹ̀bí fọwọ́ bo ẹnu. "Háà, bàbá! Ìyàwó yín mà ni. Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀ o."

Ìyá ti tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ó ní, kò gbójú kúrò lára pákó. "Ibi iṣẹ́ la wà."